Ẹ Yí Àwo Náà Dojúdé

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán ìkòkò tánńganran kan nínú ìwé ní yàrá ìkàwé wa, mo rò pé ọkọ̀ ojú omi ni. Ó ní òpó bíi ti ọkọ̀, àsíá sì wà lára òpó náà. Ìlú Sèvres nítòsí Paris, ní ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti ṣe é ní 1760. Madame de Pompadour, àyànfẹ́ Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún, ló rà á. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ló wà lónìí. Òdòdó gbígbẹ olóòórùn dídùn ni wọ́n ń kó sínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, ihò ara ìdérí ni òórùn náà ń gbà jáde.

Ìkòkò yìí wù mí ní ọ̀nà kan, ó sì kù díẹ̀ káàtó ní ọ̀nà mìíràn. Ohun tó wù mí ni pé wọn kò fi ihò náà pamọ́. Òórùn gbọ́dọ̀ jáde, nítorí náà wọ́n sọ ìdérí oníhò di òpó àti okùn ọkọ̀. Ohun tí wọn kò lè ṣe aláìṣe ni wọ́n sọ di ẹwà. Ibi tó kù sí ni àwòrán àwọn ará Ṣáínà tí Charles-Nicolas Dodin yà sí i lára. Ọwọ́ Dodin já fáfá, ṣùgbọ́n lójú mi, àwọn ènìyàn rẹ̀ dà bí ọmọláńgidi: kò sẹ́ni tó rẹ̀, kò sẹ́ni tí ebi ń pa.

Èyí tó dùn mí jù ni pé orúkọ Pompadour ni wọ́n fi ń pe ìkòkò náà. Òótọ́ ni pé ó ran ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́, ó sì sanwó, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹnì kan mọ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, ẹnì kan gbé e wọ iná, ẹnì kan kùn ún, ẹlòmíràn fi wúrà lé e. Bí wúrà bá sì ti inú iná jáde, kì í dán. Àwọn obìnrin ló máa ń fi irinṣẹ́ olókùúta ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ títí yóò fi máa kọ mọ̀nà.

Ẹ yí àwo Sèvres dojúdé, ẹ ó rí lẹ́tà L méjì tó lọ́ mọ́ra, àmì ọba. Láti 1753 ni wọ́n ti ń fi lẹ́tà ọdún sí i: A fún 1753, títí dé H fún 1760. Àmì òṣìṣẹ́ náà máa ń wà níbẹ̀. Lẹ́tà k ni ti Dodin. Henri-François Vincent, tó ń fi wúrà kun àwo, máa ń kọ 2000, torí pé bí ẹ bá pe "ogún ọgọ́rùn-ún" lédè Faransé, bí orúkọ rẹ̀ gan-an ló ń dún. Ó ti lé ní igba ọdún, àwàdà rẹ̀ ṣì pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ nínú gbogbo àwòrán ìdí àwo tí mo yẹ̀ wò, n kò rí àmì kankan fún àwọn obìnrin tó jẹ́ kí wúrà náà máa dán. Ìdájọ́ mi ni pé a kò tíì yin ìkòkò yìí tán bí a kò bá tíì yìn wọ́n.

Bóyá màmá mi ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Wọ́n máa ń rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ aṣọ ìyàwó fún ṣọ́ọ̀bù kan. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló máa ń wà lọ́rùn aṣọ. Lẹ́yìn tí mo ka ìwé yẹn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi òwú kọ lẹ́tà kan péré sábẹ́ ìṣẹ́tí.

Wọ́n ní, "Ta ló máa rí i?"

Mo ní, "Ẹni tó bá yí i padà ni, mà."