Ta ló fìdí rẹmi? Lórí olùwà àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ìjákulẹ̀ àti àṣeyọrí

Nínú àwọn àkójọ ọ̀rọ̀ Faransé sí Yorùbá tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe, “échouer” kì í sábà ní ju ìtumọ̀ kan lọ: fìdí rẹmi. Èmi náà ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àṣìṣe ni mo kà á sí báyìí.

Lọ́dún tí àbúrò mi kan kò rí bac gbà, ohun tí ìyá wa àgbà ní Kétu sọ ni pé: “Ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.” Ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ pé: “Mo échoué.” Ẹ wo olùwà. Lẹ́nu ìyá àgbà, bac ló bọ́. Ipò àbọ̀ ni ọmọ wà. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kún fún irú rẹ̀: iṣẹ́ ló ń forí ṣánpọ́n, ọjà ni kò tà, ogun ló fọ́ Kétu ní 1886. Lẹ́nu ọmọ, òun gan-an ni olùwà, bí ó ti rí nínú “ó fìdí rẹmi”. (Ọkọ̀ ojú omi tó há sórí iyanrìn náà ni àwọn Faransé ń fi échouer sọ. Omi wà nínú méjèèjì, èyí sì lè jẹ́ kí ìtumọ̀ náà yá wa lára jù.)

Àmọ́ n kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé àánú àwọn àgbà pọ̀ ju tiwa lọ. Àwọn náà ló ń pe ènìyàn ní akúṣẹ̀ẹ́, ní olórí burúkú. Ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀bi sí ló yàtọ̀. A lè bọ orí kó gbè wá. Kò sí ohun tí a lè fi bọ 9 nínú 20.

Àṣeyọrí ló yà mí lẹ́nu jù. Ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó tó lọ dáadáa ni a fi ń sọ pé “a ṣe é yọrí”: àwa ni olùwà. Ó kù díẹ̀ kí n kọ ọ́ pé ilé ìwé ti sọ èyí náà di ti ẹnì kan ṣoṣo, àfi ìgbà tí àbúrò mi tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún kejì. Gbogbo agbo ilé ń pariwo pé: “A ti gba bac!” N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ pé: “A fìdí rẹmi.”