Ẹ̀rù Ilé Ju Ẹ̀rù Igbó Lọ

Ìwé tí wọ́n bá ti ń lé ọ̀daràn ni tèmi. Ẹ fún mi ní Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, níbi tí Lápàdé ti ń fi ọgbọ́n tọ ipasẹ̀ àwọn ẹni ibi, tí ìbọn jẹ́ ìbọn, tí òkú sì jẹ́ òkú. Iwin àti egbére kì í ṣe ẹgbẹ́ mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìjàn-Èkìtì, ló jẹ́ kí n ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kà á, òun kò lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé lóru mọ́. Mo ní ṣé Àgbákò ló ń bà á lẹ́rù ni? Ó ní, "Rárá o, Bọ̀dá, ìyá Àkàrà-ògùn ni."

Ọmọ náà mọ ìwé kà. Àgbákò ni gbogbo ayé ń rántí: ojú mẹ́rìndínlógún, fìlà irin, ẹ̀wù idẹ. Ẹ̀rín ló pa mí ní tèmi. Ẹni tó bá ráyè ka ojú iwin pé mẹ́rìndínlógún, ẹ̀rù kò tíì bà á.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé Àkàrà-ògùn. Ọdẹ ni bàbá, àjẹ́ ni ìyá, ikú sì ti jẹ ilé náà tán. Bàbá yìnbọn lu àgbọ̀nrín kan, ó padà sílé, ó bá ìyàwó rẹ̀ ní òkú: láti orí dé èjìká, ènìyàn ni, ìyókù, àgbọ̀nrín. Fágúnwà kò pariwo rárá níbẹ̀. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, ó sì kọjá. Nínú ìwé Òkédìjí, apani là ń wá. Níbí, apani ló ń wá ẹni tí òun pa. Ní Ìjàn, bíi ti gbogbo ilẹ̀ Èkìtì, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ẹran ìgbẹ́ ń bọ̀. Ta ló ń wo ẹran lójú kó tó gbé e kaná?

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ. Ó ní irú ìtàn báyìí ni àwọn ènìyàn fi ń pe arúgbó ní àjẹ́, tí wọ́n sì ń lù wọ́n. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-gbọ́-jù-nù. Síbẹ̀, olùkọ́ ni Fágúnwà nígbà tí ìwé yìí jáde ní 1938, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ti ń kà á láti ìgbà náà. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Mo ní kó fi ìwé sílẹ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n kí òun náà jókòó kà á, kí wọ́n lè jọ sọ ọ́. Ó ti ń kà á.

Ibi tó le jù fún mi kò tilẹ̀ ní iwin nínú. Nígbà tí àwọn ọdẹ ń múra Òkè Láńgbòdó, ìyàwó Kàkó dì mọ́ ọn pé kò ní í lọ fi òun sílẹ̀. Kàkó fa àdá yọ, ó ṣá a pa. Akọni ni wọ́n ń pè é. Ìrìn-àjò sì ń lọ, àfi bí ẹni pé ẹ̀ka igi ló bẹ́ kúrò lọ́nà. Ọmọ yìí bi mí pé ta ló sin obìnrin náà.

Ìparí ìwé ló sú mi díẹ̀. Wọ́n dé ilé Ìrágbèje, ìwàásù bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ìtàn sì wúwo. Ọjọ́ méje gbáko ni bàbá yìí fi ń gba àwọn ọdẹ nímọ̀ràn lórí ìwà ọmọ ènìyàn. Mo wá ọ̀rọ̀ ìyàwó Kàkó títí nínú rẹ̀, n kò rí i.