SuperTuxKart Dùn, Àmọ́ Ẹ̀sìẹ́ Ò Sí Níbẹ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: SuperTuxKart dùn. Gémù ìje ọkọ̀ ni, Tux, ẹyẹ tó jẹ́ àmì Linux, sì wà lára àwọn awakọ̀. Ẹ ó máa ju àkàrà òyìnbó lu ara yín, ẹ ó sì máa yà fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lójú títì, torí ẹni tó bá gùn ún lè gbé bọ́ǹbù lọ.

Ohun tó jẹ́ ká fẹ́ràn rẹ̀ ju gémù olówó ńlá lọ ni pé ó bá ilé wa mu. Ní Agbamu níbí, dátà wọ́n, iná sì ń ṣe bó ṣe wù ú. Gémù tó bá ní dandan òun gbọ́dọ̀ rí íntánẹ́ẹ̀tì kí òun tó ṣí, àlejò tó ń pàṣẹ fún onílé ni. SuperTuxKart ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan á dáńlóòdù rẹ̀ ní Òmù-Àrán, á kó o sórí fílàṣì, ó ti di ti gbogbo àdúgbò. Ìyẹn ò sì sọ ẹnikẹ́ni di olè: àṣẹ GPL tó wà lórí kóòdù rẹ̀ fàyè gbà á. Ẹni mẹ́rin lè pín ojú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jọ máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bí àwọn tó ń ta ayò.

Ṣùgbọ́n àríwísí kì í ṣe oríkì. Ìtàn inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù: Nolok jí Gnu gbé, ó parí. Àmì sọ́fítíwíà ló pọ̀ nínú àwọn awakọ̀: Wilber jẹ́ ti GIMP, Konqi jẹ́ ti KDE. Àwa tí à ń kọ kóòdù jẹun á rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á kàn máa wò wọ́n ni.

Èyí tó dùn wá jù ni àwọn ojú ọ̀nà. Black Forest, Jámánì ló ti yá orúkọ. Hacienda, èdè Sípéènì. Kòkó tí àwa náà ń gbìn wà lórúkọ Cocoa Temple, àmọ́ tẹ́ńpìlì òkúta ibẹ̀ kì í ṣe tiwa. Bẹ́ẹ̀ Ẹ̀sìẹ́ ò jìnnà sí wa rárá, níbi tí ère òkúta tó lé ní 800 wà, tí wọ́n ti ṣí mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 1945. Ìtàn ní àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Kí ni gémù tún ń wá?

Ká ní gémù tí wọ́n ti kóòdù rẹ̀ pa ni, ẹjọ́ nìkan la lè rò. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ Ẹ̀sìẹ́ níbí. Blender ni wọ́n fi ń ṣe àwọn ojú ọ̀nà yẹn, ọ̀fẹ́ lòun náà. Lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ò ní kí iṣẹ́ má wà níbẹ̀: Blender á jẹ iná, á jẹ àkókò, kọ̀ǹpútà tí ò lágbára á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹ gbá SuperTuxKart dáadáa, ẹ gbádùn ẹ̀. Ọjọ́ tó bá sú yín láti máa sáré lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ ṣí Blender.