Àwòrán Ọgọ́ta láti Boston

Bí ọpọlọ àgbàlagbà bá fara pa tí èdè rẹ̀ sì bàjẹ́, orúkọ nǹkan a máa ṣòro fún un láti pè. Ìdí nìyí tí Boston Naming Test, tí Kaplan, Goodglass àti Weintraub tẹ̀ jáde ní 1983, fi lókìkí. Àwòrán 60 ni. Kí aláìsàn ṣáà máa dárúkọ wọn ni. Mo yin ìrọ̀rùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé e dé gáréèjì Orè, síwájú awakọ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Ilé tí a fi yìnyín mọ wà níbẹ̀. Beaver, ẹranko odò òkè òkun, wà níbẹ̀. Pretzel, ìpápánu àwọn ará Jámánì, kò gbẹ́yìn. Bí baba bá dákẹ́, àìsàn ni àbí àìrírí? Máàkì kò lè sọ ọ́.

Ti ohùn ni ó ká mi lára jù. Bí àgbẹ̀ Odígbó bá rí àwòrán ọkọ́ tí ó pè é ní ọkọ̀, ṣé ó gbà á ni, tàbí ó ṣì í? Ẹni tí ó kàn ń túmọ̀ orúkọ láti inú Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ lórí máàkì yìí ni a ó ti pinnu bóyá èdè baba ń padà bọ̀. Àwòrán tiwa ni kí a tò, kí a sì kọ́kọ́ fi wọ́n wo àwọn tí ara wọn le, àti ọ̀mọ̀wé àti ẹni tí kò kàwé.