Ohun Tí Pátákó Kò Lè Gbà: Lámèyítọ́ lórí Rélùwéè Àwòṣe Inú Yàrá Kékeré

Ká ní ẹnì kan fẹ́ mọ àwòṣe máìlì kan péré nínú ọ̀nà rélùwéè. Ní ìwọ̀n OO, èyí tí àwọn ará Ìlú Ọba ń lò jù, mìlímítà mẹ́rin ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí náà máìlì yẹn yóò gùn ju mítà 21 lọ. Bó bá sá lọ sí ìwọ̀n N, níbi tí gbogbo nǹkan ti di ìdá kan nínú 148, ó ṣì máa gba nǹkan bíi mítà 11. Yàrá wo ló fẹ́ gbà á? Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ò ju yàrá kótópó kan, àjà òkè ilé, tàbí ẹ̀gbẹ́ ògiri kan tí wọ́n lè kan pẹpẹ mọ́. Bẹ́ẹ̀, máìlì kan kò jẹ́ nǹkan kan lójú ọkọ̀ ojú irin. Kí èrò inú rẹ̀ tó jókòó dáadáa, ó ti rékọjá rẹ̀.

Ibi tí ìṣirò yìí parí sí ni iṣẹ́ ọnà náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣe àwòṣe rélùwéè tán. Gbogbo ẹni tó bá dáwọ́ lé e ló ń yọ nǹkan kúrò. Ohun tí mo fẹ́ fi lámèyítọ́ yìí sọ ni pé ohun tí oníṣẹ́ ọnà yọ kúrò, àti ọgbọ́n tó fi yọ ọ́, ló yẹ ká fi díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Iye irin tó tẹ́ sílẹ̀ àti iye owó ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò tó nǹkan tí à ń wò.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe. Wọ́n á ra páálí kan, wọ́n á to irin inú rẹ̀ yípo lórí tábìlì, ọkọ̀ á sì máa yí. Irin títẹ̀ tó wọ́pọ̀ fún irú àyípo bẹ́ẹ̀ fi mìlímítà 438 jìnnà sí àárín òbírí rẹ̀. Tí a bá dá a padà sí ìwọ̀n orí ilẹ̀, ó di nǹkan bíi mítà 33. Lójú ọ̀nà gidi tí ọkọ̀ ayára ń gbà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà ni irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ń jẹ́, ó sì máa ń ju kìlómítà kan lọ nígbà mìíràn. Irọ́ tó tóbi jù lórí tábìlì náà wà nínú irin fúnra rẹ̀, kò sí nínú ilé oníke tàbí igi tí wọ́n fi wáyà ṣe. Kóòṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 64 àti ààbọ̀ yóò jẹ́ mìlímítà 258 ní OO. Bó bá dé ibi títẹ̀ yẹn, ikùn rẹ̀ á yọ sínú, igun rẹ̀ á yọ síta, ojú á sì mọ̀ pé ohun tí òun ń wò kò rí bẹ́ẹ̀ láyé. Paríparí rẹ̀, ọkọ̀ yìí kò lọ síbì kankan. Ibi tó ti gbéra náà ló ń dé. Kò já èrò, kò gbẹ́rù.

Nígbà tí àyípo yìí bá sú onítọ̀hún, ó máa ń rò pé irin ni kò tó. Á fi òmíràn kún un, á gbé afárá lé e, á gbẹ́ ihò sábẹ́ òkè, títí irin yóò fi bo pátákó pátápátá. Mo ka èyí sí àṣìṣe tó burú jù nínú iṣẹ́ yìí, nítorí ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ni ohun kan ṣoṣo tí rélùwéè wà fún, èyíinì ni ọ̀nà jíjìn. Bí òǹwòran bá lè rí ibi tí ọkọ̀ ń lọ láti ibi tó ti gbéra, ìrìnàjò ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀. John Ahern wà lára àwọn tó tètè rí èyí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ àwòṣe rẹ̀, Madder Valley, ní ẹ̀wádún 1930, ó fún ìlú, òpópónà, odò àti òkè ní ìwúwo kan náà tó fún irin, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ń gba àárín ìlú kọjá bí àlejò. Ìlú àtinúdá ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Pendon ní Long Wittenham, níbi tó wà lónìí, á rí i pé ó dá ojú lójú ju ọ̀pọ̀ àwòṣe ibi gidi lọ.

Àmọ́ ìlú nìkan kò yanjú ọ̀ràn náà, torí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni fiddle yard: irin mélòó kan tí wọ́n tò sẹ́yìn ibi tí òǹwòran ń wò, tí ògiri tàbí afárá bò mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń dúró de àkókò rẹ̀, ibẹ̀ ni ọwọ́ ènìyàn ti ń yí i padà, tó ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo egúngún rí mọ bó ṣe rí. Ohun tó wà ní ìgbàlẹ̀ kò kan ọ̀gbẹ̀rì, ṣùgbọ́n nítorí pé ìgbàlẹ̀ wà níbẹ̀ ni ìjáde egúngún ṣe ní ìtumọ̀: ará ọ̀run ló dé, aṣọ kọ́ ló ń rìn. Bí wọ́n bá tẹ́ fiddle yard síta gbangba, ọkọ̀ á di ohun ìṣeré lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fi í pamọ́ dáadáa, irin mẹ́rin abẹ́ afárá yẹn á di Bristol, á di Plymouth, á di gbogbo ibi tí òǹwòran mọ̀ pé ọkọ̀ lè ti wá. Àlùfáà Peter Denny mọ èyí débi pé lórí Buckingham, ọ̀nà àtinúdá tó gbé ka ilé-iṣẹ́ rélùwéè Great Central ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó ṣe ẹ̀rọ kan tó ń dúró bí òṣìṣẹ́ tó kù, tó ń bá a darí ọkọ̀ ní ìpẹ̀kun kejì. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló fi pè é: Automatic Crispin.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n mú iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí àìsí ààyè ti bí, Minories ni màá mú. Cyril Freezer, tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Railway Modeller láti 1950 títí di 1978, ló yà á jáde ní 1957, ó sì fi orúkọ òpópónà kan ní Lọ́ńdọ̀nù pè é. Àwòrán ojú ìwé lásán ni nígbà náà. Àìmọye ènìyàn ló ti kọ́ ọ láti ìgbà náà wá, tí kálukú ń ṣe é lọ́nà tirẹ̀.

Ìṣòro tó dojú kọ Freezer rèé. Ibùdó ìparí ọ̀nà ni. Irin méjì ló wọ inú rẹ̀, ọ̀kan fún ọkọ̀ tó ń bọ̀, ọ̀kan fún èyí tó ń lọ. Pèpéle mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọkọ̀ tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ lè wọ èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyíkéyìí sì gbọ́dọ̀ lè tú ọkọ̀ sílẹ̀ padà. Ọrùn ibùdó, níbi tí irin ti ń yà kúrò lára irin, ni wàhálà wà. Póìǹtì, ibi tí irin kan ti ń di méjì, ń jẹ ààyè púpọ̀. Bí wọ́n bá sì to méjì tẹ̀ léra láìrònú, ọkọ̀ á tẹ̀ sí ọ̀tún, á tún tẹ̀ sí òsì lójú kan náà, igun kóòṣì kan á fì sí ìhín, ti èkejì á fì sí ọ̀hún, ìkọ́ tó so wọ́n pọ̀ á sì máa fà wọ́n kúrò lójú irin. Freezer to àwọn póìǹtì rẹ̀ dagun, kí ìtẹ̀sí ọ̀kan lè bá ti èkejì lọ, débi pé irú ìfìsíhìn-ín-fìsọ́hùn-ún bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú ọ̀nà mẹ́fà tí ọkọ̀ lè gbà wọlé tàbí jáde. Mo ti wo àwòrán ọrùn yẹn pẹ́, kò sì sí póìǹtì kan níbẹ̀ tí mo rò pé a lè yọ kí nǹkan má bàjẹ́.

Ohun tó jinlẹ̀ jùyẹn lọ ni ibi tó yàn. Ó mú ibi tí ayé fúnra rẹ̀ ti fún mọ́lẹ̀. Nínú Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀ wọ́n. Rélùwéè tó wọ àárín ìlú ń gba àárín ògiri bíríkì gíga kọjá, títì ń gba orí rẹ̀ kọjá, ilé sì jókòó tì í lọ́tùn-ún lósì. Nítorí náà etí pátákó di ògiri, afárá títì di ohun tó bo fiddle yard, kò sì sí èyí tó jẹ́ àrékérekè nínú wọn. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ wá láti ẹ̀yìn odi ìlú lè má ju kóòṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ kúkúrú kò ṣẹ̀ sí òtítọ́. Iṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó fa ọkọ̀ wọlé há sí ìpẹ̀kun irin, kò lè jáde. Òmíràn gbọ́dọ̀ wá kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, kó fà á lọ, kí ti àkọ́kọ́ tó rọra jáde lọ dúró sórí irin kúkúrú kan ní ẹ̀gbẹ́, kó máa retí ọkọ̀ tí òun náà yóò fà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lójú ayé, láàárọ̀ lálẹ́.

Alan Wright dín ààyè náà kù sí i nínú àwòṣe rẹ̀, Inglenook Sidings. Póìǹtì méjì péré, irin mẹ́ta. Irin tó gùn jù ń gba wágónù márùn-ún, èyí tó kù ń gba mẹ́ta mẹ́ta, ibi tí ẹ́ńjìnì ń sún sí kò gbà ju òun àti wágónù mẹ́ta lọ. Wágónù mẹ́jọ ló wà lórí pátákó. Wọn á ṣẹ́ kèké mú márùn-ún nínú wọn, ẹ́ńjìnì á sì tò wọ́n bí kèké ṣe pè wọ́n gẹ́lẹ́. Ọ̀nà 6,720 ni ìtò yẹn lè gbà jáde, nínú ààyè tó lè má ju mítà kan àti ààbọ̀ ní gígùn. Àwọn kan ń sọ pé àlọ́ ni èyí, pé kì í ṣe rélùwéè. Mo lóye wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Lójú ọ̀nà gidi, wọ́n máa ń to wágónù bí ibùdó tí wọ́n ti máa já wọn ṣe tẹ̀ léra, kí èyí tó kọ́kọ́ sọ̀ má baà há sáàárín. Kèké dípò àwọn oníbàárà tí a kò rí. Timesaver tí John Allen ṣe ní Amẹ́ríkà ni mo lè pè ní ayò, nítorí ìdíje lòdì sí aago ni wọ́n ṣe é fún.

Allen yìí kan náà ló ní àwòṣe Gorre & Daphetid, tó gba odindi yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ ní Monterey, tí iná jó ní 1973 láìpẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ààyè yẹn, ó ṣì ń fi dígí sọ ìlú kan di méjì, ó sì ń fi ilé ìwọ̀n kéékèèké sí ẹ̀yìn kí òkè lè dà bí ohun tó jìnnà. Ààyè kò tó ẹnikẹ́ni rí.

Ní ti kíkọ́ rélùwéè àwòṣe kékeré, ìwọ̀nba ni mo fẹ́ sọ. Kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé bó ṣe máa tóbi gan-an, kí wọ́n to póìǹtì tí wọ́n gé nínú ìwé lé e, kí wọ́n tó gé pákó kankan. Àwòrán kékeré ń tan ni nípa póìǹtì ju ohunkóhun lọ. Kí pátákó má fẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ lè nà dé, nítorí ọkọ̀ tó bá yẹ̀ lójú irin, ẹ̀yìn pátápátá ló sábà máa ń yẹ̀ sí. Kí irin má bá etí pátákó lọ gbọọrọ; díẹ̀ ló nílò kó fi dagun kí ojú tó gbàgbé pé pátákó ní etí. Kí wọ́n gbé e ga sún mọ́ ojú. Iain Rice, tó kọ̀wé púpọ̀ lórí iṣẹ́ yìí, tẹnu mọ́ ọn pé ó yẹ kó ní férémù àti iná tirẹ̀ bí orí ìtàgé, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá, nítorí férémù ló ń sọ fún òǹwòran ibi tí kò gbọ́dọ̀ wò.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé ìwọ̀n kékeré ni oògùn àìsí ààyè. Märklin gbé ìwọ̀n Z jáde ní 1972, ìdá kan nínú 220. Lẹ́yìn rẹ̀ ni T dé láti Japan, ìdá kan nínú 450, tí irin rẹ̀ fi mìlímítà mẹ́ta péré jìnnà síra. Ẹni tó bá lo ìyẹn láti fi ààyè sílẹ̀ fún pápá àti ojú ọ̀run ń ṣe iṣẹ́ gidi. Ẹni tó bá lò ó láti fi irin kún irin ti gbé àṣìṣe orí tábìlì wọ inú àpótí. Ìgbádùn tèmi wà ní òdìkejì: ìwọ̀n O, mìlímítà méje sí ẹsẹ̀ bàtà kan, lórí pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ́ńjìnì kan àti wágónù mẹ́ta, tí ìwúwo wọn hàn nínú bí wọ́n ṣe ń gbéra.

Àwa tí rélùwéè ti Iddo wọ ilé wa, tó dé Ìbàdàn ní 1901, ní ohun tí a lè fi ọgbọ́n yìí ṣe. Irin Nàìjíríà àtijọ́ fi mìlímítà 1,067 jìnnà síra. Ní ìdá kan nínú 64, ìyẹn á bọ́ sí nǹkan bíi mìlímítà 16.7, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá irin OO tó wà ní ọjà mu gẹ́lẹ́. Ó tilẹ̀ bá a mu ju bí OO ṣe bá ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe é fún mu lọ, nítorí lábẹ́ ìwọ̀n tiwọn, irin náà sún mọ́ra jù ní ínṣì méje. Ọ̀nà kékeré kan yà ní Ìfọ̀, ó gba Ìlaròó, ó sì parí sí Ìdógò. Ìparí ọ̀nà ni, ọkọ̀ kúkúrú ló yẹ ẹ́, igbó á sì bo ibi tí irin ti ń wọ fiddle yard. Wágónù tó gùn ní mítà mẹ́wàá á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 ó lé díẹ̀. Mẹ́ta pẹ̀lú ẹ́ńjìnì kan kò lè kún ìdajì pẹpẹ mítà méjì àti ààbọ̀. Ohun tó kù ni kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ lọ wá fọ́tò, kó bá àwọn àgbà Ìdógò tó bá ọkọ̀ náà lẹ́nu iṣẹ́ sọ̀rọ̀, kó sì pinnu ohun tí yóò fi sílẹ̀.