Èyí Tó Kọ́kọ́ Kán

Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Dubai wá sílé fún ìsinmi. Al Mamzar ló ń gbé, létí ọ̀sà tó wà láàárín Dubai àti Sharjah. Ó ní ìjọba Dubai fàyè gba ọtí fún ẹni tó bá tẹ̀lé ìlànà, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti kọjá sí apá Sharjah, èèwọ̀ ni. Ó wá bi mí pé, "Bọ̀dá mi, ṣé ojú kì í tì yín pé ògógóró lẹ fi ń jẹun?"

Mi ò bá a jà. Mo ní kó tẹ̀lé mi láfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì.

Inú irà la ti bẹ̀rẹ̀, nítòsí Òkìtìpupa. Adẹ́mu gbé àkàbà ti igi ògùrọ̀, ó gòkè, ó fi ọ̀bẹ gé ọ̀mùnú rẹ̀, emu sì ń ro sínú agbè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ògùrọ̀ ń so láyé rẹ̀, tó bá so tán, ó kú nìyẹn. Ohun tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ là ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò wá fi irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ṣeré?

Ní ẹbu mi, níbi tí mo ti ń se ọtí, emu tó ti kan dáadáa la dà sínú dúrọ́ọ̀mù. A fi ẹrẹ̀ dí ẹnu rẹ̀ pinpin, a dáná sí i nídìí. Oru gba inú páìpù bàbà, páìpù gba inú omi tútù, oru di ọtí. Ọtí ń hó ní nǹkan bí 78 dígírì, omi ń hó ní 100. Bí iná bá pọ̀ jù, omi á bá ọtí jáde. Bàbá mi kò ní ohun ìwọngbóná kankan. Etí ló fi ń ṣọ́ dúrọ́ọ̀mù. Bó bá ti ń pariwo, á fa igi kan kúrò nínú iná.

Nígbà tí ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í kán, àbúrò mi na ife sí i. Mo dá a dúró. Èyí tó kọ́kọ́ kán, ilẹ̀ ni mo dà á sí. Owó ni, mo mọ̀.

Ìjọba òyìnbó fòfin de iṣẹ́ yìí nítorí pé owó orí ọtí tó ń ti òkè òkun wá ń wọ àpò wọn. Inú igbó làwọn bàbá wa ń sá pamọ́ sí láti sè é. Lóṣù kẹrin ọdún 2015, ọtí pa àwọn èèyàn ní Òde-Ìrèlé, nítòsí wa níbí. Àyẹ̀wò tọ́ka sí methanol, májèlé tójú kò lè dá mọ̀ yàtọ̀ sí ọtí. Ìjọba tún fòfin de ògógóró lọ́dún náà. Látìgbà náà, n kì í kánjú nídìí dúrọ́ọ̀mù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń da èyí tó kọ́kọ́ kán nù.

Ọ̀sán la dé ọjà Igbókọ̀dá. Ìyá ọlọ́tí gbọn ìgò kan, ìfòfó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tò yí ọrùn rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo sọ fún àbúrò mi pé bẹ́ẹ̀ náà làwọn tó ń se mezcal ní Oaxaca, ní Mẹ́síkò, ṣe ń mọ ọtí tó múná. Ó mú ìgò mìíràn, ó gbọ̀n ọ́n, ó wò ó. Ìfòfó náà pòórá lójú ẹsẹ̀.

"Màmá, omi wà nínú èyí." Ìyá rẹ́rìn-ín, ó gbà á padà.

Lálẹ́, kò bi mí nípa ojú títì mọ́. Ó bi mí pé ọjọ́ mélòó ni emu ń lò kó tó kan.