OpenSecrets gẹ́gẹ́ bí Orísun Ìmọ̀ nípa Owó Òṣèlú Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1996 ni ìkànnì OpenSecrets bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàfihàn owó ìbò Amẹ́ríkà. Ìwúlò rẹ̀ kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ó to àkọsílẹ̀ ìjọba ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, débi pé olùwádìí lè mọ iṣẹ́ tí àwọn olùtọrẹ ń ṣe. Àlèébù ibẹ̀ ni pé ohun tí òfin bá ní kí wọ́n kọ ni ó rí tò. Òfin kò sọ ọ́ di dandan kí olùdíje dárúkọ ẹni tí àpapọ̀ ọrẹ rẹ̀ kò ju dọ́là 200 lọ. Láti ìgbà ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ lórí Citizens United ní 2010, àwọn ẹgbẹ́ kan tún lè náwó lórí ìbò láìdárúkọ olówó wọn. Owó hàn, ọwọ́ tó mú un wá fara sin. Olùwádìí tó bá gbà pé ibi tí kò sí orúkọ kò sí olówó ti gba àkọsílẹ̀ náà sódì.